Ọ̀rọ̀-ìṣe aláìtẹ̀lé-ìlànà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀-ìṣe aláìtẹ̀lé-ìlànà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìrísí wọn fún àsìkò tó ti kọjá kò wá láti ara fífi àfòmọ́ *-ed* kún ìparí ọ̀rọ̀. *Walk* ń di *walked*, *play* ń di *played*; àwọn wọ̀nyí tẹ̀lé ìlànà. Ṣùgbọ́n *sing* ń di *sang*, *bring* ń di *brought*, *cut* kì í yí padà rárá, *go* sì ń di *went*, ọ̀rọ̀ tí wọn kò jọ ní lẹ́tà kan ṣoṣo. Àwọn tó wà ní ìlò lóde òní tó nǹkan bí igba (200). Iye náà ń yàtọ̀ láti inú ìwé gírámà kan sí òmíràn, nítorí àwọn kan máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹ̀dá, bíi *understand* àti *overcome*, mọ́ wọn, àwọn mìíràn kì í sì í kà wọ́n.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tẹ̀lé ìlànà, wọn kò pọ̀. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń jẹ yọ jù lọ lẹ́nu àti nínú ìwé. *Be*, *have*, *do*, *say*, *go*, *get*, *make*, *take*, *come* àti *see* wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tẹ̀lé ìlànà. Ẹni tó ń kọ́ èdè náà kò lè yẹra fún wọn, kò sì sí òfin kan ṣoṣo tó lè fi mọ gbogbo wọn. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n wà láìnídìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ àjẹkù òfin tó fìdí múlẹ̀ nígbà kan rí.

== Ìrísí mẹ́ta ==

Ìwé gírámà máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí ìrísí mẹ́ta: ìrísí ìpìlẹ̀, ìrísí àsìkò tó ti kọjá, àti ìrísí aṣetán, èyí tó ń tẹ̀lé *have* tàbí *be*. *Write*, *wrote*, *written* jẹ́ àpẹẹrẹ. Fún ọ̀rọ̀-ìṣe atẹ̀lé-ìlànà, ìrísí kejì àti ìkẹta kì í yàtọ̀ síra: *walked* ni méjèèjì. Ọ̀dọ̀ àwọn aláìtẹ̀lé-ìlànà ni onírúurú ọ̀nà wà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè yàtọ̀, bíi *drink*, *drank*, *drunk*. Ìkejì àti ìkẹta lè bára mu, bíi *find*, *found*, *found*. Ìkíní àti ìkẹta lè bára mu, bíi *come*, *came*, *come*. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè jẹ́ ọ̀kan náà, bíi *put*. *Read* kò yí padà nínú àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yí padà lẹ́nu: a ń pè é bí *reed* ní àsìkò ìsinsìnyí, a sì ń pè é bí *red* ní àsìkò tó ti kọjá, nítorí náà inú gbólóhùn ni òǹkàwé ti ní láti mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

*Be* ló le jù nínú gbogbo wọn. Ó ní ìrísí mẹ́jọ: *be*, *am*, *is*, *are*, *was*, *were*, *being* àti *been*. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì ń fi ìyàtọ̀ sí ẹyọ àti ọ̀pọ̀ ní àsìkò tó ti kọjá.

Ohun kan wà tí àkójọ inú ìwé kì í sábà fi hàn. Nínú ìbéèrè àti ìyísódì, *did* ni ó ń ru ẹrù àsìkò, ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an a sì padà sí ìrísí ìpìlẹ̀ rẹ̀. *She went* ni a ń sọ, ṣùgbọ́n *she did not go* àti *did she go* ni ó tọ̀nà. Àsìkò kì í hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

== Orísun ==

Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè Germanic, ìbátan Jámánì, Dutch àti àwọn èdè Scandinavia. Nínú ẹbí èdè yìí, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbà fi àsìkò tó ti kọjá hàn láti ìgbà láéláé. Ọ̀nà kìíní ni yíyí fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀nà yìí dàgbà ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí a ń rí i lọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú: *singen*, *sang*, *gesungen* ni Jámánì ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo *sing*, *sang*, *sung*. Ọ̀nà kejì ni fífi ìró *d* tàbí *t* kún ìparí ọ̀rọ̀, èyí tó bí *-ed* òde òní.

Jacob Grimm, ọmọ Jámánì tí òun àti Wilhelm àbúrò rẹ̀ di olókìkí nítorí àlọ́ tí wọ́n kó jọ, ni ó sọ irú àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀-ìṣe alágbára, tí ó sì sọ irú kejì ní aláìlágbára, nínú iṣẹ́ gírámà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1819. Lójú rẹ̀, alágbára ni ọ̀rọ̀ tó lè fi ara rẹ̀ yí padà láìwá ìrànlọ́wọ́ láti ìta. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ṣì ń lo orúkọ méjèèjì títí di òní.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, èyí tí a ń sọ kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀-ìṣe alágbára lé ní ọ̀ọ́dúnrún (300), wọ́n sì pín sí ọ̀wọ́ méje. Ẹni tó bá mọ ọ̀wọ́ tí ọ̀rọ̀ kan wà lè mọ bí fáwẹ̀lì rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Nígbà náà, fáwẹ̀lì ẹyọ àti ti ọ̀pọ̀ máa ń yàtọ̀ ní àsìkò tó ti kọjá: *sang* ni ẹni kan ń lò, *sungon* ni àwọn ènìyàn púpọ̀. Nígbà tí ìyàtọ̀ yìí pòórá ní ìgbà Gẹ̀ẹ́sì Àárín, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti mú ọ̀kan, wọn kò sì mú ọ̀kan náà. *Sing*, *drink* àti *swim* mú fáwẹ̀lì ẹyọ, wọ́n di *sang*, *drank*, *swam*. *Cling*, *sting* àti *spin* mú fáwẹ̀lì ọ̀pọ̀, wọ́n di *clung*, *stung*, *spun*. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tó jọra bíi *sing* àti *sting* kò fi rìn pọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn kò tíì pinnu tán: *shrank* àti *shrunk*, *sprang* àti *sprung* ṣì ń bára wọn du àyè.

Ìṣẹ́gun Normandy mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé wọ èdè náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé *-ed* ni gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó wọlé bẹ́ẹ̀ gbà. Láti ìgbà náà, *-ed* ni ìlànà tí ọ̀rọ̀ tuntun ń bọ́ sí. Nígbà tí *Google* di ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìrísí rẹ̀ àtijọ́ yóò jẹ́. *Googled* ni gbogbo ènìyàn sọ.

== Àwọn aláìlágbára tó fara jọ alágbára ==

Kì í ṣe gbogbo aláìtẹ̀lé-ìlànà òde òní ni ó jẹ́ alágbára ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ọmọ *-ed* tí ìyípadà ìró ti sọ di àjèjì sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. *Keep* àti *kept* ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Fáwẹ̀lì gígùn ni méjèèjì ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn ní ìparí *kept*, fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú. Ti *keep* ṣì gùn. Lẹ́yìn náà, láti bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, gbogbo fáwẹ̀lì gígùn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní àyè wọn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Great Vowel Shift*. Fáwẹ̀lì *keep* bá a lọ, ti *kept* dúró síbi tó wà. Ìtàn yìí kan náà ló bí *feel* àti *felt*, *mean* àti *meant*, *meet* àti *met*, *feed* àti *fed*. *Sleep* àti *creep*, tí wọ́n jẹ́ alágbára nígbà kan, darapọ̀ mọ́ agbo yìí nítorí pé ó wù wọ́n láti jọ *keep*, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

*Cut*, *hit*, *put*, *set*, *shut*, *cost*, *hurt*, *let*, *burst*, *spread*: *t* tàbí *d* ni gbogbo wọn fi parí. Ìró tí ìbá wá fi àsìkò tó ti kọjá hàn ti wà ní ìparí ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, méjèèjì sì gbé ara wọn mì. Èyí kò sọ ọ́ di òfin, nítorí *want* àti *need* parí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gba *-ed*. Nínú *send*, *lend*, *bend*, *spend* àti *build*, *d* ìparí di *t*. *Had* àti *made* jẹ́ àgékù *hæfde* àti *makede*.

*Bring*, *buy*, *think*, *seek* àti *teach* ń di *brought*, *bought*, *thought*, *sought* àti *taught*. Àwọn náà jẹ́ aláìlágbára, *t* tó wà ní ìparí wọn sì ni ẹ̀rí. *Catch* wọ agbo náà láti ìta. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ó yẹ kó gba *-ed* bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di *caught* nípa fífara wé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, *latch*, tí ìrísí àtijọ́ rẹ̀ parí bẹ́ẹ̀. *Fought*, tó jókòó láàárín wọn bí ọmọ ìyá, kì í ṣe ọ̀kan lára wọn rárá: *t* inú rẹ̀ wà nínú *fight* láti ìbẹ̀rẹ̀, alágbára ni.

== *Went*, *was* àti *could* ==

*Went* kì í ṣe ọmọ *go*. Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tó túmọ̀ sí yíyí tàbí gbígba ọ̀nà kan, *wend*, ni ó ni ín, bí *send* ṣe ní *sent*. *Ēode* ni *go* ń lò ní Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, òun náà sì wá láti orísun mìíràn. *Went* lé *ēode* jáde, *wend* sì ṣe *wended* tuntun fún ara rẹ̀. Nítorí náà, bí a ti lè tọpa ìtàn *go* dé, kò sí ìgbà tó fi ara tirẹ̀ sọ àsìkò tó ti kọjá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

*Be* jẹ́ àkópọ̀ ju orísun kan lọ. *Am* àti *is* wá láti orísun kan, *be* àti *been* láti òmíràn, *was* àti *were* láti ẹ̀kẹta. Ìyàtọ̀ *s* àti *r* nínú *was* àti *were* jẹ́ ohun tí Karl Verner, onímọ̀ ọmọ Denmark, ṣàlàyé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ibi tí ohùn ti ń wúwo nínú ọ̀rọ̀ ní ayé àtijọ́ ni ó ya ìró méjèèjì sọ́tọ̀. Ìwúwo ohùn náà ti kúrò, àmì rẹ̀ kò kúrò.

Ní ti *could*, *l* inú rẹ̀ kò ní gbòǹgbò kankan. *Would* ní *l* nítorí *will*, *should* ní in nítorí *shall*, ṣùgbọ́n *can* kò ní in. Àwọn akọ̀wé kàn fi sí i kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra ni, àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri ayé sì ń kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kì í pè.

== Àwọn tó lọ àti àwọn tó dé ==

*Help* ní *holp* àti *holpen* nígbà kan. *Helped* ni lónìí. *Climb* ní *clomb*. *Work* ní *wrought*, tó ṣì wà nínú *wrought iron*, orúkọ irin tí alágbẹ̀dẹ lù. Ní ọdún 2007, Erez Lieberman, Jean-Baptiste Michel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Harvard tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn *Nature*. Wọ́n tọpa ọ̀rọ̀-ìṣe 177 tó jẹ́ aláìtẹ̀lé-ìlànà nínú Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́. Ní ìgbà Gẹ̀ẹ́sì Àárín, 145 ló ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ó ku 98. Wọ́n tún rí i pé bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ tó ni ó ń pinnu bí yóò ti pẹ́ tó: ọ̀rọ̀ tí ìlò rẹ̀ fi ìlọ́po 100 kéré sí ti òmíràn máa ń bọ́ sí ìlànà ní ìlọ́po 10 yára jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ lójoojúmọ́ kò lè sá mọ́ ọn lórí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, *-ed* ni yóò fi sí i nígbà tó bá fẹ́ lò ó.

Ọ̀nà náà kò lọ sí apá kan ṣoṣo, èyí sì ni ohun tí àwọn tó ń retí pé kí gbogbo rẹ̀ di *-ed* lọ́jọ́ kan máa ń gbàgbé. *Digged* ni Bíbélì King James ti ọdún 1611 lò. *Dug* ló gbilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. *Wear* àti *ring* jẹ́ aláìlágbára ní Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́, wọ́n di *wore* àti *rang* nípa fífara wé *bear* àti *sing*. Ní Amẹ́ríkà, *sneak* ti ní *snuck* lẹ́gbẹ̀ẹ́ *sneaked*, *dive* sì ti ní *dove* lẹ́gbẹ̀ẹ́ *dived*.

Ìyàtọ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà kò ju díẹ̀ lọ. *Learnt*, *burnt*, *spelt* àti *dreamt* wọ́pọ̀ ní ìlú Ọba, *learned*, *burned*, *spelled* àti *dreamed* ní Amẹ́ríkà. *Gotten*, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì ń lò, jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó bá àwọn aṣíkiri kọjá òkun, tí ìlò rẹ̀ sì kú díẹ̀díẹ̀ nílé tó ti wá.

== Ìrísí tó ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀ ==

*Hang* ní ìrísí méjì: aṣọ tàbí àwòrán ni a ń lo *hung* fún, ènìyàn tí ilé-ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ni *hanged*. *Lie* tó túmọ̀ sí fífara lélẹ̀ ń di *lay*, *lie* tó túmọ̀ sí irọ́ pípa ń di *lied*. *Lay* tó túmọ̀ sí gbígbé nǹkan kalẹ̀ ń di *laid*. Àwọn tó bí èdè náà gan-an máa ń kọsẹ̀ níbí. *Found* jẹ́ àsìkò tó ti kọjá fún *find*, ó sì tún jẹ́ ìrísí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí dídá nǹkan sílẹ̀, èyí tó ń di *founded*. Nínú eré baseball, *flied out* ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe *flew out*, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ *fly*, bọ́ọ̀lù tí a gbá sókè, ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti wá.

== Ọmọdé àti ọpọlọ ==

Ọmọ tó bí Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ́kọ́ sọ *went* àti *came* bó ṣe yẹ, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, bí ó bá ti fura sí *-ed*, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ *goed* àti *comed*, ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó dà bíi pé ó ń padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n òfin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ní ọdún 1958, Jean Berko fi ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá bíi *rick* wo àwọn ọmọdé. Wọ́n fi *-ed* sí i láìjáfara. Ìwádìí tí Gary Marcus, Steven Pinker àti àwọn mìíràn gbé jáde ní 1992 fi hàn pé àṣìṣe bíi *goed* kò wọ́pọ̀ tó bí a ti rò: ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń wádìí ọpọlọ. Ní 1986, David Rumelhart àti James McClelland ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó kọ́ àsìkò tó ti kọjá láti inú àpẹẹrẹ nìkan, tí kò sí òfin kankan nínú rẹ̀. Pinker àti Alan Prince dáhùn ní 1988 pé òfin wà lóòótọ́: *-ed* ni òfin ń ṣe, àwọn aláìtẹ̀lé-ìlànà sì ń gbé inú ìrántí. Pinker fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú nínú ìwé rẹ̀ *Words and Rules* ní 1999. Àwọn ẹ̀rọ tó ń kọ èdè lónìí jẹ́ ìran ètò Rumelhart àti McClelland ju ti alátakò wọn lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe kò tíì jẹ́ ẹ̀rí ohun tó wà lórí ọmọ ènìyàn.

== Lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Yorùbá ==

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ìrísí padà nítorí àsìkò. *Ra* ni a ń lò nínú "Mo ra ìwé lánàá" àti "Màá ra ìwé lọ́la". Atọ́ka bíi *ti*, *ń* àti *yóò* ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà níta ọ̀rọ̀-ìṣe, nígbà tí kò bá sì sí atọ́ka kankan, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń pinnu: "Mo jẹun" jẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀, "Mo mọ̀ ọ́n" jẹ́ ohun tó wà nísinsìnyí. Orúkọ tí gírámà Yorùbá fún àsìkò yìí, afànámónìí, sọ ọ́ gẹ́lẹ́: ó fi àná mọ́ òní.

Gẹ̀ẹ́sì kò fi àná mọ́ òní. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ *Yesterday I go to the market* kò ṣe àìbìkítà. *Yesterday* ti sọ àsìkò náà fún un, gẹ́gẹ́ bí "lánàá" ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹni tó kọ *I did not went* ti mọ̀ pé àsìkò gbọ́dọ̀ hàn, kò kàn mọ ibi tó yẹ kó ti hàn ni. *I have drank* àti *I have went* jẹ́ àṣìpààrọ̀ ìrísí kejì àti ìkẹta. Pípè náà ní ipa tirẹ̀. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, kí a má tíì sọ pé kó fi méjì parí, bí *walked* àti *asked* ṣe rí lẹ́nu. Ohun tí etí kò bá gbọ́, ọwọ́ kì í sábà kọ. Ìyípadà fáwẹ̀lì bíi ti *write* àti *wrote* rọrùn láti gbọ́ ju *-ed* tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ìdí sì nìyí tí aláìtẹ̀lé-ìlànà fi lè rọrùn fún ọmọ Yorùbá nígbà mìíràn ju atẹ̀lé-ìlànà lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá kì í gbé àsìkò Gẹ̀ẹ́sì wọlé. "Ó páàsì ìdánwò lọ́dún tó kọjá" ni a ń sọ. *Passed* kò bá a wá. Pidgin Nàìjíríà náà kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà: *I don go* ni ó fi ń sọ pé ẹnìkan ti lọ. Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé àti Pidgin ládùúgbò lè má gbọ́ *went* títí yóò fi wọ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń béèrè kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé, ohun yòówù tó fẹ́ kà.

Ọ̀nà tí ilé-ìwé sábà ń gbà kọ́ni ni kí akẹ́kọ̀ọ́ há àkójọ tí a tò ní a-b-d sórí. Àkójọ náà wúlò fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó ń fọ́n àwọn ọmọ ìyá káàkiri: *begin* wà ní òkè, *swim* ní ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí i pé fáwẹ̀lì kan náà ni wọ́n ń yí. Bí a bá tò wọ́n ní agbo, *begin*, *drink*, *ring*, *sing*, *sink*, *swim* di ẹ̀kọ́ kan. *Blow*, *fly*, *grow*, *know*, *throw* di òmíràn. Àwọn bíi *cut* àti *put*, tó parí pẹ̀lú *t* tàbí *d*, di ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò ní agbo, pàápàá *be* àti *go*, ni ó kù láti há sórí lọ́kọ̀ọ̀kan.